Lekki ni tàbí Magodo? Ohun tí ó yẹ kí ọmọ ẹgbẹ́ wádìí kí ó tó fi owó ẹ̀yáwó ra ilẹ̀

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán nínú ìpàdé àwọn ẹgbẹ́ wa tí ó wà ní Èkó, pàápàá jù lọ ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ báńkì, ti ìjọba, àti ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ti fi ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tọ́jú owó, tí a gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́, tí ọkọ àti aya sì jọ ń gba owó oṣù, ohun tí ó máa ń tẹ̀ lé e ni pé, "Níbo ni kí a fi ṣe ilé?" Àwọn kan á ní Lekki, àwọn kan á ní Magodo. Àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀, ẹnu á sì máa jà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

A kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti gbé àdúgbò kan ga kí a sì tẹ èkejì mọ́lẹ̀. Àdúgbò tí ó dára ni méjèèjì, owó sì wà nínú méjèèjì. Ohun tí a rí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi orúkọ àdúgbò yan ilé, a kì í fi ìṣirò yàn án. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà sì wí pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí kò bá wo ilé apò ara rẹ̀ dáadáa, tí ó wá yá owó ẹgbẹ́ lọ ra orúkọ, kò ní dá ìyà náà jẹ. Bí kò bá lè san owó mọ́, àwọn onídùúró rẹ̀ ni a óò yà sí lọ́rùn, àwọn mìíràn tí wọ́n ti ń dúró de ẹ̀yáwó tiwọn yóò sì máa wo ojú akápò lásán. Nítorí náà ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni.

ÀDÚGBÒ MÉJÈÈJÌ BÍ WỌ́N TI RÍ

Magodo wà ní òkè odò, ní apá àríwá ìlú Èkó, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Kòṣọ́fẹ́. Ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn ni ó wà, títì tí a ṣí ní 1978. Ìpín méjì ni àdúgbò náà: ìpín kìíní ní ìhà Ìṣẹrí, ìpín kejì ní ìhà Ṣàngíṣà. Aláùsá tí í ṣe ibùjókòó ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kò jìnnà sí i, Ìkẹjà náà kò sì jìnnà. Ọ̀jọ́tà àti Kẹ́tu wà nítòsí.

Lekki ní tirẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ tóóró tí ó wà láàárín omi méjì: ọ̀sà ní apá àríwá, òkun ńlá ní apá gúúsù. Bí ènìyàn bá ti kúrò ní Victoria Island ni ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lọ jìnnà réré. Èyí ni ó yẹ kí a fi sọ́kàn: orúkọ kan ni "Lekki", ṣùgbọ́n ibẹ̀ kì í ṣe ibì kan. Ẹni tí ó wà ní Ìpín Kìíní, lẹ́bàá Ìkòyí, àti ẹni tí ó wà ní ẹ̀yìn Ajah, àwọn méjèèjì ni yóò sọ pé Lekki ni àwọn ń gbé, ṣùgbọ́n ìrìn àjò wọn lówùúrọ̀ kò jọra rárá. Bí aṣojú olùtà bá sọ fún yín pé ilẹ̀ wà ní Lekki, ẹ béèrè pé kìlómítà mélòó ni ó jìn sí Victoria Island. Ẹ má sì gba èsì tí ó bá ní "ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré". Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ọjọ́ Sunday kọ́ ni ti Monday.

Ọ̀NÀ NI ÀKỌ́KỌ́

Ẹni tí ó ń gbé Magodo tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Ìkòyí tàbí Victoria Island, afárá Third Mainland ni ó gbójú lé. Láti 1990 ni a ti ṣí afárá náà tán, gígùn rẹ̀ sì lé ní kìlómítà 11. Ọ̀nà tí ó yá ni bí ó bá dára. Ṣùgbọ́n afárá kan ṣoṣo ni. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dí apá kan rẹ̀ láti tún un ṣe, láti July 2020 títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2021, àwọn tí wọ́n ń gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ rí ohun tí ojú wọn rí. Ọ̀nà mìíràn tí ó wà ni títì Ìkòròdú. Bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ sí í rìn níbẹ̀ ní March 2008 láti Mile 12 dé CMS, ojú ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni ó sì ń gbà ní ibi púpọ̀. Ó ń kọjá ní Kẹ́tu àti Ọ̀jọ́tà. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ pupa náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní October 2024 láti Agbádo dé Ọ̀yìngbò. Kò gba Magodo kọjá, ṣùgbọ́n ó ní ibùdókọ̀ ní Ìkẹjà. Èyí fi hàn pé bí ọkọ̀ ara ẹni bá bàjẹ́ tàbí tí epo wọ́n, ará Magodo ṣì lè rí ọkọ̀ èrò tí ó ní ètò wọ̀.

Ẹni tí ó ń gbé Lekki kò ní afárá Third Mainland í gùn bí ibi iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ Victoria Island. Èyí jẹ́ àǹfààní ńlá. Àwọn ará Ìpín Kìíní tún ní afárá tí ó so Lekki pọ̀ mọ́ Ìkòyí, èyí tí a ṣí ní 29 May 2013. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1.36. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n wà níwájú, ní ìhà Ajah, títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn jọ ń dù. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀ kì í ṣe ìtàn. Láti ọdún 2023 pàápàá, tí èbúté ńlá Lekki àti ilé ìfọpo Dangote ti ṣí ní ìhà Ìbẹ̀jú, ọkọ̀ tírélà àti táǹkà ti di púpọ̀ ní agbègbè yẹn. Ọkọ̀ ojú irin méjèèjì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, aláwọ̀ búlúù àti aláwọ̀ pupa, kò sí èyí tí ó dé Lekki nínú wọn.

Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ tóògéètì. Ní December 2011 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ awakọ̀ lójú títì Lekki, pẹ̀lú ariwo púpọ̀. Gbígba owó náà dúró ní October 2020 nígbà ìwọ́de àwọn ọ̀dọ́. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí kọ́ níbẹ̀ ni pé owó ojú ọ̀nà lè dé, ó lè lọ, ó sì tún lè padà. Ẹni tí ó bá ń ra ilẹ̀ tí yóò gbé fún ọgbọ̀n ọdún, kí ó wádìí ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́lọ́wọ́, kí ó sì fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú ìṣirò rẹ̀ fún ohun tí wọ́n lè gbà lẹ́yìn ọ̀la.

OMI ÀTI ILẸ̀

Ilẹ̀ Lekki kò ga ju omi lọ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ jẹ́ àbàtà tí a fi iyanrìn kún. Nígbà tí òjò ńlá rọ̀ ní July 2017, omi bo títì, ó wọ ilé, gbogbo ayé sì rí àwòrán rẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀ níbẹ̀, kí ó má ṣe lọ wò ó ní oṣù January tí ilẹ̀ gbẹ. Kí ó lọ ní June tàbí July, ní ọjọ́ kejì òjò. Kí ó wo ara ògiri àwọn aládùúgbò, níbi tí omi gùn dé yóò ti fi àmì sílẹ̀. Kí ó béèrè lọ́wọ́ ọlọ́dẹ àti ìyá tí ń ta búrẹ́dì ní ìta, nítorí àwọn kò ní ilẹ̀ í tà.

Ilẹ̀ tí a fi iyanrìn kún tún ní ìnáwó tirẹ̀. Ìpìlẹ̀ ilé níbẹ̀ kì í ṣe ti kí a gbẹ́ kòtò kí a da kọnkéré sí i lásán. Onímọ̀ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ yẹ ilẹ̀ wò, ó sì lè ní kí a na irin àti kọnkéré gba abẹ́ gbogbo ilé. A ti rí àwọn tí owó tí wọ́n pèsè fún gbogbo ilé tán sí ìpìlẹ̀. Omi kànga ẹ̀rọ ibẹ̀ náà, ní ibi púpọ̀, ó ń pọ́n tàbí kí ó ní iyọ̀ nínú nítorí òkun tí ó wà nítòsí. Ẹ̀rọ tí ń sẹ́ omi di dandan fún onílé.

Magodo ga, ilẹ̀ rẹ̀ sì le ju ti etí òkun lọ. Omi òkun kò ní bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilẹ̀ náà rí ní ibi púpọ̀. Ibi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́, àgbàrá ni ọ̀tá onílé. Bí kò bá sí gọ́tà tí ó dára, àgbàrá á máa họ ilẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ẹsẹ̀ ògiri. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣírò ògiri tí yóò gbé ilẹ̀ dúró, kí ó sì wo ibi tí omi àwọn ará òkè yóò gbà kọjá.

ÌWÉ ILẸ̀: IBI TÍ Ọ̀PỌ̀ ÈNÌYÀN TI Ń ṢÌNÀ

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà. Ohun tí a ń rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ náà, títà rẹ̀ kò sì kún títí Gómìnà yóò fi fọwọ́ sí i. Ìwé risíìtì ọmọ onílẹ̀ kò tó. Ìwé àdéhùn tí lọ́yà kọ nìkan kò tó.

Àwọn kan rò pé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní Mowe tàbí Ìkòròdú kò lè ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò olówó. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun méjì tí ó wà ní àkọsílẹ̀.

Ní July 1990, nígbà tí Raji Rasaki jẹ́ gómìnà ológun ní Èkó, ìjọba wó Màrókò, lẹ́bàá Victoria Island, ní ẹnu ọ̀nà Lekki gan-an. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni wọ́n lé kúrò níbẹ̀. Ilé olówó ni ó wà lórí ilẹ̀ náà lónìí. Ní 2024 pẹ̀lú, nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí títì etí òkun tí yóò ti Èkó dé Calabar, wọ́n wó àwọn ilé àti ibi ìṣòwò kan tí ó wà lójú ọ̀nà náà.

Magodo náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní àárín 1984 sí 1985, ìjọba wó ilé àwọn onílé kan ní Ṣàngíṣà. Àwọn onílé náà gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ẹjọ́ náà gòkè títí ó fi dé Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, èyí tí ó dá wọn láre ní 10 February 2012 pé kí a fún wọn ní púlọ́ọ̀tì 549. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ìgbà náà, àwọn mìíràn ti kọ́lé sórí ilẹ̀ náà, wọ́n sì ti ń gbé ibẹ̀. Ní ìparí 2021, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́ àti ọlọ́pàá wọ inú ẹ́sítéètì náà, wọ́n fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà ẹjọ́ sára ilé àwọn ènìyàn. Ní January 2022, Gómìnà fúnra rẹ̀ ní láti lọ síbẹ̀. Ẹ ro ọ̀rọ̀ náà wò: ẹni tí ó ra ilé rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìjọba lọ́wọ́, ẹjọ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Nítorí náà, kí ọmọ ẹgbẹ́ tó san kọ́bọ̀, ohun mẹ́rin ni kí ó ṣe. Èkíní, kí ó mú ìwé sọ́feyọ̀ ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì Sọ́feyọ̀ Àgbà ti ìpínlẹ̀, kí wọ́n sọ fún un bóyá ilẹ̀ náà wà nínú èyí tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé. Èkejì, kí lọ́yà tí òun fúnra rẹ̀ gbà, kì í ṣe lọ́yà olùtà, lọ yẹ àkọsílẹ̀ ilẹ̀ wò ní Aláùsá. Ẹ̀kẹta, bí olùtà bá ní ìjọba ti dá ilẹ̀ náà padà fún ìdílé, kí ó fi gasẹ́ẹ̀tì hàn, kí sọ́feyọ̀ sì rí i pé ilẹ̀ náà gan-an wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí lọ́yà wádìí ní ilé-ẹjọ́ bóyá ẹjọ́ wà lórí rẹ̀. Bí ọmọ onílẹ̀ bá sì ń dá iṣẹ́ dúró lọ́nà àìtọ́, òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2016 láti dáàbò bo dúkìá wà. Ẹ lo òfin náà, ẹ má ṣe gbé igi.

Ọ̀NÀ NI Ẹ̀YÁWÓ KEJÌ

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Àpẹẹrẹ lásán ni, kí kálukú fi owó tirẹ̀ sí i. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ kan yá N6,000,000, tí yóò san án fún oṣù 60. N100,000 ni yóò máa san lóṣooṣù, kí a tó ka èlé. Ìgbìmọ̀ wo owó oṣù rẹ̀, wọ́n rí i pé ó lè san án, wọ́n fọwọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ibi tí ó ra ilẹ̀ sí jìnnà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ju ilé tí ó ti ń gbé tẹ́lẹ̀ lọ. Ká ní epo àti ìnáwó ọkọ̀ fi N5,000 lé sí i lójúmọ́. Ní ọjọ́ 22 tí a fi ń ṣiṣẹ́ lóṣù, ó di N110,000. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà ti gba owó ju ẹgbẹ́ lọ? Ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ á tán ní oṣù 60. Ẹ̀yáwó ti ọ̀nà kì í tán, kò sì sí onídùúró tí yóò bá a san án. Epo bẹntiróòlù tí lítà rẹ̀ kò tó N200 kí May 2023 tó parí ti sún mọ́ N1,000 nígbà tí ó fi di October 2024. Ẹni tí ó ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 2022 tí kò fi àyè sílẹ̀, ojú rẹ̀ ti rí i.

Kì í ṣe owó nìkan. Bí ọ̀nà bá fi wákàtí kan ṣoṣo kún ìrìn àjò ojúmọ́, wákàtí 264 ni lọ́dún. Ìyẹn jẹ́ ọjọ́ 11 gbáko, tọ̀sán tòru, tí ènìyàn fi jókòó sínú ọkọ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń jáde ní aago márùn-ún ìdájí tí ó sì ń wọlé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọjọ́ Sunday nìkan ni ó mọ̀ ọ́n.

Ẹ tún fi owó ẹ̀ṣọ́, owó iná ojú títì, owó ìdọ̀tí àti owó ẹgbẹ́ àwọn onílé kún un. Àdúgbò olówó kì í gba owó wọ̀nyí lọ́fẹ̀ẹ́, bí o bá sì wọ inú géètì, o kò lè ní o kò san.

TA NI KÍ Ó LỌ SÍ IBO?

Ìdáhùn tiwa nìyí. Bí ibi iṣẹ́ ọkọ àti aya bá wà ní Victoria Island tàbí Ìkòyí, tí owó wọn sì ká ilẹ̀ tí ó súnmọ́ ibẹ̀, kí wọ́n lọ sí Lekki, kí wọ́n sì náwó sórí ìpìlẹ̀ àti omi. Bí iṣẹ́ wọn bá wà ní Ìkẹjà, Aláùsá tàbí ọ̀nà Ìbàdàn, Magodo ni. Bí owó wọn kò bá ká ju ẹ̀yìn Ajah lọ, tí iṣẹ́ wọn sì wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kí wọ́n má ṣe rò pé nítorí orúkọ "Lekki" ni ọ̀nà yóò fi kúrú. Kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì gba ọ̀nà méjèèjì, lówùúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n máa kọ aago sílẹ̀. Bí ọkọ bá ń ṣiṣẹ́ ní apá kan tí aya sì ń ṣiṣẹ́ ní apá kejì, ẹni tí ó ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé ni kí a kọ́kọ́ rò. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá sì tíì balẹ̀, kí ó háyà ilé níbẹ̀ fún ọdún kan ná. Owó ilé ọdún kan kò tó àdánù ilẹ̀ tí kò bá ni lára mu.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Àwọn ẹgbẹ́ kan ti ń kó owó jọ láti ra ilẹ̀ ńlá kan ṣoṣo kí wọ́n sì pín in. Ọ̀nà dáadáa ni, nítorí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Owó sọ́feyọ̀ kan àti ti lọ́yà kan ni gbogbo wọn jọ ń san, ẹnu olùtà kì í sì í le mọ́ àpapọ̀ bí ó ti ń le mọ́ ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé gbogbogbòò, kí a kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Kí orúkọ ẹgbẹ́ wà lórí ìwé ilẹ̀, kì í ṣe orúkọ alága tàbí ti akọ̀wé. Kí a má san owó tán títí ìwádìí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a kà sókè yóò fi parí.

A sì rọ àwọn ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó pé, bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kọ̀wé fún owó ilé, kí wọ́n má wo owó oṣù rẹ̀ nìkan. Kí wọ́n béèrè pé: ibo ni ilẹ̀ náà wà, ibo ni o ti ń ṣiṣẹ́, èló ni ọ̀nà yóò máa gbà lóṣooṣù? Kí àwọn onídùúró náà gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ìbéèrè yìí kì í ṣe ìtọpinpin. Ó ń dáàbò bo ẹni tí ó ń yá owó, ó sì ń dáàbò bo ẹni tí ó dúró fún un.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí gbogbo wa kọ́lé tí a óò gbé inú rẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ire o.